Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ààbò Igbó ní Gánà: Àpẹẹrẹ Boabeng-Fiema

Boabeng àti Fiema jẹ́ ìlú kékeré méjì tí wọ́n súnmọ́ ara wọn ní àgbègbè Nkoranza North, ní ẹkùn Bono East, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Gánà. Igbó kan wà láàrin wọn tí kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 5, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kàn jìnnà nítorí àwọn ọ̀bọ tó ń gbé inú rẹ̀. Ní ọdún 1975, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Nkoranza ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa àwọn ọ̀bọ náà mọ́. Òfin yìí wà lára àwọn àpẹẹrẹ tó ti pẹ́ jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nípa bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe lè dáàbò bo igbó àti ẹranko, kí ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ tó di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ.

Ilẹ̀ náà àti àwọn ẹranko rẹ̀

Ibi tí ẹgàn ìhà gúúsù ti ń parí, tí ọ̀dàn ìhà àríwá sì ti ń bẹ̀rẹ̀, ni Boabeng-Fiema wà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a bá gé igi ńlá kúrò, tí iná sì ń jó ibẹ̀ lọ́dọọdún, koríko ni yóò gba ipò igi. Bí òjò bá ṣe ń dín kù tí ooru sì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣòro tó fún igbó láti padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀yà ọ̀bọ méjì ló gbajúmọ̀ níbẹ̀. Èkíní ni ẹdun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Colobus vellerosus: ara rẹ̀ dúdú, irun funfun yí ojú rẹ̀ ká, itan àti ìrù rẹ̀ sì funfun. Ewé igi ni ó ń jẹ jù, nítorí náà kò lè gbé ibi tí kò sí igi gíga. Àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó fẹ́ parun ní àgbáyé, kà á mọ́ àwọn tó wà ní bèbè àparun pátápátá. Èkejì ni ọ̀bọ mona ti Lowe, Cercopithecus lowei, tí kì í bẹ̀rù láti wọ ìlú wá wá oúnjẹ lẹ́yìn ilé. Ẹdun kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá: orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ki ìbejì, àwọn ìdílé kan sì kà á sí èèwọ̀ láti jẹ ẹran rẹ̀.

Èèwọ̀ Daworo

Àwọn àgbà Boabeng ń sọ ìtàn kan tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọdẹ kan bá ohun kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò nínú igbó, ó sì rí àwọn ọ̀bọ tí wọ́n yí i ká bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ohun náà di òrìṣà ìlú, orúkọ rẹ̀ sì ni Daworo. Àwọn ọ̀bọ náà di ọmọ rẹ̀. Fiema ní òrìṣà tirẹ̀, Abodwo. Láti ìgbà náà ni pípa ọ̀bọ ti di èèwọ̀ ní ìlú méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n a fi aṣọ dì í, wọ́n a sì sin ín sí itẹ́ òkú tí wọ́n yà sọ́tọ̀, bí ẹni ń sin ènìyàn.

Èèwọ̀ yìí kò nílò ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́. Ohun tó mú un dúró ni pé gbogbo ará ìlú gbà pé ẹni tó bá rú u yóò jìyà rẹ̀.

Ta ni ó ni igbó?

Ìjà lórí ẹni tó láṣẹ lórí igbó ti wà ní Gánà kí òmìnira tó dé. Ní 1908, ìjọba amúnisìn mú H. N. Thompson, olórí ẹ̀ka igbó ní Gúúsù Nàìjíríà, wá sí Gold Coast láti yẹ igbó ibẹ̀ wò. Àbá òfin tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1910 fẹ́ fún ìjọba lágbára láti ya ilẹ̀ igbó sọ́tọ̀. Àwọn ọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ Aborigines' Rights Protection Society kọ̀ jálẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ilẹ̀ wọn ni ìjọba fẹ́ gbà lọ́gbọ́n-ọgbọ́n. Wọ́n rán aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1912, wọn kò sì fi òfin náà ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ìjọba ní kí àwọn ọba fúnra wọn ṣe òfin ìbílẹ̀ láti ya igbó sọ́tọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n yà, títí tí òfin igbó 1927 fi fún ìjọba lágbára láti ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọba ló ṣì ni ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ igbó òrìṣà kéékèèké ni kò sí nínú ètò yìí. Èèwọ̀ nìkan ni ó ń ṣọ́ wọn.

Òfin ọdún 1975

Ní àwọn ọdún 1970, èèwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni kan ní agbègbè náà sọ pé àwọn kò sí lábẹ́ Daworo, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pa ọ̀bọ. Lójú ẹni tó gbà pé ọmọ òrìṣà ni ẹranko náà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni wọ́n dá. Lójú ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹran ìgbẹ́ lásán ni. Bí ìjà náà bá dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kò sí bí ó ṣe lè parí, nítorí ìdajì ìlú kò lè fi òrìṣà dẹ́rù ba ìdajì yòókù mọ́.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára kó ẹjọ́ wọn lọ bá ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Nkoranza sì ṣe òfin ní 1975 tó ka pípa ọ̀bọ léèwọ̀ ní agbègbè ìlú méjèèjì. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ Daworo, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa ìgbàgbọ́ rẹ̀ tì. Ó sọ pípa ọ̀bọ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìlú, tí oníṣẹ̀ṣe àti Kristẹni yóò jọ jẹ́jọ́ rẹ̀. Báyìí ni òfin ìjọba ṣe ti èèwọ̀ lẹ́yìn nígbà tí kò lè dá dúró mọ́. Àwọn olùwádìí tó ń ka ẹdun náà láti 1990 wá rí i pé wọ́n ń pọ̀ sí i, a sì tún rí wọn nínú àwọn igbó kéékèèké tó wà lẹ́bàá Bonte, Bomini, Akrudwa, Busunya, Konkrompe àti Tankor.

Iná ọdún 1983

Ọ̀dá ńlá mú ní Gánà ní 1983, iná sì jó igbó àti oko kòkó káàkiri. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, àwọn ará Gánà tó pọ̀ púpọ̀ sì padà sílé bá ìyàn. Ìjọba ológun ìgbà náà ṣe òfin lórí iná igbó láti olú-ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní PNDC Law 46.

Ní 1988, PNDC Law 207 dá àwọn Ìgbìmọ̀ Àgbègbè sílẹ̀, tí àwọn ará ìlú ń dìbò yan ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí a tún òfin iná igbó ṣe ní 1990, PNDC Law 229 fi iṣẹ́ púpọ̀ lé àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́: àwọn ni yóò ṣe òfin nípa ìgbà tí a lè sun oko, àwọn ni yóò sì kó àwọn ará ìlú jọ láti dènà iná. Ohun tó fa ìyípadà yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, iná tí ọdẹ tàbí àgbẹ̀ kan dá lè jó igbó kékeré bíi ti Boabeng kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa rẹ̀ ní Accra. Àwọn tó lè ṣán ọ̀nà yí igbó ká kí iná má bàa ráyè wọlé ni àwọn tó ń gbé ẹ̀bá rẹ̀.

Owó, oko àti èédú

Àwọn àlejò tó ń wá wo ọ̀bọ ń sanwó. Wọ́n ń pín owó náà láàrin ìlú méjèèjì, àwọn ọba, àwọn ojúbọ, ẹ̀ka ẹranko ìgbẹ́ àti Ìgbìmọ̀ Àgbègbè. Ó ti pèsè iṣẹ́ fún àwọn afinimọ̀nà, ó sì ti fún àwọn tí kò bọ òrìṣà ní ìdí láti fẹ́ kí igbó náà wà. Ṣùgbọ́n àwọn ìletò yòókù tí ẹdun ti tàn dé ń pàdánù ire oko wọn fún ọ̀bọ, wọn kì í sì í jẹ nínú èrè náà bíi ti Boabeng àti Fiema.

Èédú ni ìṣòro kejì. Ẹkùn yìí wà lára àwọn ibi tí a ti ń sun èédú jù lọ ní Gánà, èyí tí wọ́n ń kó lọ sí Kumasi àti Accra. Àwọn Ìgbìmọ̀ Àgbègbè máa ń gba owó lórí èédú tó ń jáde ní agbègbè wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ kan náà tó yẹ kó dá igi sí ń rí owó nínú igi tí a gé.

Láti Boabeng-Fiema sí gbogbo Gánà

Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn ọ̀rúndún ogún, àwọn ìlú tó wà lẹ́bàá Odò Volta Dúdú ní Wechiau, ní ẹkùn Upper West, ya apá kan odò náà sọ́tọ̀ fún erinmi. Láti 2000, ìjọba Gánà ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ìlànà tí wọ́n ń pè ní CREMA. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ará ìlú yóò kọ́kọ́ kọ òfin tí wọn yóò fi máa ṣàkóso igbó wọn. Ìgbìmọ̀ Àgbègbè yóò sọ ọ́ di òfin ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ yóò fún wọn ní ìwé àṣẹ. Òfin ẹranko ìgbẹ́ tí ilé aṣòfin Gánà ṣe ní 2023 ti fi ẹsẹ̀ ètò yìí múlẹ̀.

Ìlànà yìí tọ ipa ọ̀nà tí Boabeng-Fiema ti gbà: ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ kì í pilẹ̀ ìfẹ́ igbó, àwọn ará ìlú ni ó gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Agbára ìgbìmọ̀ ni láti sọ ohun tí ìlú kan bọ̀wọ̀ fún di òfin tí àjèjì àti ọmọ ìlú yóò jọ pa mọ́. Òfin 1975 dá ẹni tó ń pa ọ̀bọ dúró. Ohun tó kù fún àwọn ìgbìmọ̀ òde òní láti yanjú ni ti iná, ti èédú àti ti àwọn ìletò tí kò jẹ nínú èrè, nítorí igi tí ẹdun ń gùn ni ó wà nínú ewu báyìí.