Dókítà àti Ẹ̀rọ Olùdámọ̀ràn

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́gbọ́n náà bá jẹ́ ẹ̀rọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi ọmọ Sẹ̀kọ̀nà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni a sì máa ń gbé aláìsàn tí ó wà ní bèbè ikú lọ.

Ní 1972, ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, de Dombal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn aláìsàn 304 tí inú rírun òjijì ń dà láàmú. Kọ̀ǹpútà mọ àrùn wọn ní ìdá 91.8 nínú 100. Dókítà tí ó jẹ́ àgbà jù lọ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n ní ìdá 79.6. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò gbà á wọlé. Ní 1974 wọ́n tún ròyìn pé nígbà tí ẹ̀rọ náà wà, iṣẹ́ àwọn dókítà fúnra wọn dára sí i. Nígbà tí ó kúrò, wọ́n padà sí ti àtijọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè rẹ̀ ṣe wọ́n láǹfààní ju ìdáhùn rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ní 1981, Knaus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington gbé APACHE kalẹ̀. Ẹ̀dà kejì, ti 1985, ń ṣírò ohun 12 nínú ara, bí èémí àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti àìlera àtẹ̀yìnwá, láti mọ bí ikú ti súnmọ́ tó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ohun tí a kò bá wọ̀n, a máa ń kà á sí èyí tí ó dára. Níbi tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ti pẹ́ dé, ẹni tí ó ń kú lọ lè dàbí alálàáfíà lórí ìwé.

Ní Ifẹ̀, láti 1989, yunifásítì àti ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ bá àwọn ará Finland dá iṣẹ́ pọ̀, èyí tí ó bí MINPHIS, ètò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ìpìlẹ̀ rere ni, torí pé ẹ̀rọ kò lè dámọ̀ràn lórí ohun tí a kò kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní pe dókítà tí ó ń ṣiyèméjì ní aláìlajú. Òun ni yóò dáhùn lọ́wọ́ ìyá aláìsàn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ìṣègùn àti kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ mójú tó iná, àyẹ̀wò àti àkọsílẹ̀; nígbà náà ni kí ẹ mú olùdámọ̀ràn wọlé.