Ohun Tí Wọ́n Yọ, Ohun Tó Padà Wọlé

Ọ̀nà méjì ló wà láti mú kí mọ́tò sáré ju bó ṣe wà lọ. Ẹ lè fi kún agbára ẹ́ńjìnì, ẹ sì lè dín ohun tí ẹ́ńjìnì ń gbé kiri kù. Ọ̀nà kìíní ni gbogbo ayé mọ̀, torí òun ló ń pariwo, òun náà lèèyàn lè fi yangàn lójú títì. Ọ̀nà kejì ò pariwo rárá. Wọ́n á tú síítì ẹ̀yìn, wọ́n á ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi páànù fẹ́lẹ́ rọ́pò èyí tó nípọn. Ṣùgbọ́n nínú pápá eré ìje, òun ló wúlò jù. Agbára ẹ́ńjìnì máa ń hàn níbi tí ọ̀nà bá ti lọ tààrà. Mọ́tò tó fúyẹ́ ní tiẹ̀ á tètè gbéra, á tètè dúró bí wọ́n bá tẹ bíréèkì, kò sì ní fẹ́ yọ̀ kúrò lọ́nà bó bá dé kọ́nà. Taya ẹ̀ kì í tètè jẹ, bíréèkì ẹ̀ kì í tètè gbóná.

Ó dáa. Tó bá rọrùn báyẹn, kí ló dé tí gbogbo mọ́tò ò fúyẹ́? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi ìtàn mọ́tò mélòó kan dáhùn. Wọ́n yọ nǹkan lára wọn, inú wọn dùn pé àwọn yọ ọ́, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wá gbé òmíràn padà síbẹ̀.

Lọ́dún 1963, Ford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ta mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní Cortina. Mọ́tò onílé ni, èyí tí bàbá á fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tí á tún fi gbé ìyá wọn lọ sọ́jà. Walter Hayes, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìpolongo níbẹ̀, fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi ojú mìíràn wo Ford, ó bá lọ bá Colin Chapman, ọ̀gá Lotus. Chapman kì í fi ọ̀rọ̀ ìwúwo ṣeré. Gbogbo ohun tó bá wà lára mọ́tò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tó ń ṣe han ọkùnrin yìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń lọ nìyẹn.

Àmọ́ òfin wà. Àwọn aláṣẹ eré mọ́tò ò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kankan ṣe ẹyọ mọ́tò kan ṣoṣo fún ìdíje, kó wá máa purọ́ pé mọ́tò ìgboro ni. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ṣe 1,000 irú ẹ̀. Òfin yìí ni ìyá gbogbo ìtàn tí mò ń sọ yìí. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta mọ́tò tí wọ́n gé lára ẹ̀ fún ará ìlú tí kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé e.

Chapman fi alumíníọ́mù ṣe àwọn ilẹ̀kùn Cortina, ó fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ṣe ìdérí búùtù, àpótí gíà náà ò sì gbẹ́yìn. Ó gbé ẹ́ńjìnì 1,558 cc sí i, tó ní agbára ẹṣin 105. Bátìrì ńkọ́? Ó gbé e kúrò níwájú lọ sínú búùtù. Bátìrì yẹn ò fúyẹ́ sí i o, ibi tó wà ló yí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé agbọ̀n ọsàn rù rí mọ̀ pé bí ẹrù bá pọ̀ sí iwájú jù, ọrùn ló ń jìyà ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò. Nígbà tí ìwúwo pín dáadáa, Jim Clark, àgbẹ̀ ará Scotland tó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula 1 lọ́dún 1963, wọ inú ẹ̀, ó sì gba ìdíje mọ́tò onílé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1964. Ẹ wá fọ́tò ìgbà yẹn wò. Bí Clark bá ń wọ kọ́nà, taya iwájú kan á gbéra kúrò nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ajá tó fẹ́ tọ̀.

Ìṣòro ọ̀hún wà lábẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Cortina gangan ń lo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lábẹ́ lọ́rì. Ó wúwo, kò lẹ́wà, àmọ́ kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Chapman yọ ọ́, ó fi sípíríìnì tó lọ́ yípo rọ́pò ẹ̀, ó wá fi irin kan tó rí bí lẹ́tà A di ẹ̀yìn mọ́tò mú. Orí ilé tí ẹyín tó ń yí taya ẹ̀yìn wà ni irin yìí ń fà. Bó ṣe ń fà á, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ń ṣí, ọ́ìlì ń jò, ọ́ìlì wá ń ba rọ́bà tó di irin náà mú jẹ́. Ní pápá, mẹkáníìkì wà nítòsí tí á máa tún un ṣe. Lójú títì, ẹni tó rà á ló ń rí ọ́ìlì nílẹ̀ láàárọ̀. Láàárín ọdún 1964, ilẹ̀kùn irin ti padà sára ẹ̀, àfi ẹni tó bá béèrè alumíníọ́mù. Nígbà tó di 1965, irin pẹlẹbẹ ti padà sábẹ́ ẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn ò ba orúkọ Chapman jẹ́. Ṣùgbọ́n irin tó pè ní ẹrù lásán, iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀.

Láàárín ọdún 1971 sí 1972, ìjà náà ti kọjá sí Jámánì. Ford tibẹ̀ ń fi Capri lu BMW bí ẹní lu bàrà nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. BMW ní mọ́tò onílẹ̀kùn méjì kan tó rẹwà, 3.0 CS, tó ń lo ẹ́ńjìnì mọ́tò ńlá wọn onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹwà ò kúkú ń borí eré ìje. Wọ́n bá ṣe èyí tí wọ́n fi lẹ́tà L kún orúkọ ẹ̀, CSL. Leichtbau ni L yẹn, ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí kíkọ́ nǹkan kó fúyẹ́. Páànù ara ẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìdérí búùtù jẹ́ alumíníọ́mù. Ike ni wọ́n fi ṣe wíńdò ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò gíláàsì. Ohun tó ń gba ariwo mọ́ra lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n yọ ọ́. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, bíi kíló 200 ló bọ́ sílẹ̀, ìyẹn sì ju ìwúwo géńdé méjì lọ.

Ibi tó ti máa ń pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Mọ́tò 500 nínú wọn lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó wọn ju ti Jaguar E-Type lọ dáadáa, àwọn tó ń kó BMW wọ ìlú náà sì rò ó pé oníbàárà tó bá san irú owó yẹn ò ní gbà kí wọ́n ta ìhòòhò fún òun. Wọ́n bá ní kí wọ́n dá bọ́ńpà padà. Kí wọ́n dá wíńdò oníná padà. Kí wọ́n dá ohun tó ń gba ariwo mọ́ra padà. Alumíníọ́mù dúró síbẹ̀ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kíló tí wọ́n fi làágùn yọ ní Jámánì ló ti padà wọlé kí mọ́tò náà tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Lẹ́tà L ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ gbọn-in.

Lọ́dún 1973, wọ́n ṣe ìyẹ́ ńlá kan fún ẹ̀yìn CSL, kí afẹ́fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó bá ń sáré, torí mọ́tò tó fúyẹ́ máa ń fẹ́ fò. Òfin títì Jámánì ò gba irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n bá ń dì í sínú búùtù fún ẹni tó rà á, kó lọ dè é fúnra ẹ̀. CSL gba ìdíje Yúróòpù lọ́dún yẹn, ó tún gbà á léraléra láti 1975 dé 1979. Àwọn tí wọ́n ń wà lójú títì ń bá ìpẹtà jà ní tiwọn.

Èyí tí mo kà sí ọlọgbọ́n jù nínú wọn ni M3 àkọ́kọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1986. Òfin ti le sí i nígbà yẹn: 5,000 mọ́tò láàárín ọdún kan. BMW ní ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà tó lókìkí nílẹ̀, kí ni wọ́n ṣe gbé onísílíńdà mẹ́rin sí mọ́tò tó fẹ́ jà? Torí pé ẹ́ńjìnì kúkúrú fúyẹ́ níwájú, irin tó ń yí nínú ẹ̀ ò gùn, ó lè yí kíákíá láìgbọ̀n. Paul Rosche tó ṣe ẹ́ńjìnì náà sọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀: wọ́n mú orí ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà, wọ́n gé ibi sílíńdà méjì kúrò, wọ́n fi páànù dí ojú ibi tí wọ́n gé. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń gé nǹkan kù yìí ò mú un ní kékeré! Ìdérí búùtù di ike, ó sì ga sí i nítorí afẹ́fẹ́. Roberto Ravaglia fi M3 gba ife àgbáyé mọ́tò onílé lọ́dún 1987. Nígbà tí wọ́n ṣe 600 irú ẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́dún 1990, gíláàsì gan-an ni wọ́n tún sọ di fẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. M3 àkọ́kọ́ wúwo tó bíi kíló 1,200, èyí tí wọ́n ń tà báyìí ju 1,700 lọ. Ó rọrùn láti bú u, àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ sì ń bú u lójoojúmọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú kíló wọ̀nyẹn: báàgì afẹ́fẹ́, irin nínú ilẹ̀kùn, iwájú tí wọ́n dìídì ṣe kó lè wó kí ẹsẹ̀ awakọ̀ má baà wó. Ìfàájì kọ́ ni gbogbo ẹ̀.

Lọ́dún 2003, BMW gbé orúkọ CSL jáde padà. Wọ́n ṣe 1,383 M3 tí òrùlé ẹ̀ jẹ́ káábọ̀ọ̀nù, tó fi kíló 110 fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Òrùlé ni wọ́n mú torí pé ohun tó bá wúwo lókè ló ń mú mọ́tò fì ní kọ́nà. Taya tí wọ́n fi sí i ń di títì gbígbẹ mú gan-an, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, débi pé wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé pé òun ti gbọ́. Wọ́n yọ éèsì, wọ́n yọ rédíò. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n dá méjèèjì padà, wọ́n á dá a padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ẹ rántí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1972? Ẹni tó bá ti jókòó sínú gósílóò Third Mainland lọ́sàn-án gangan ò ní bú ẹni tó ní kí wọ́n dá éèsì òun padà.

Lónìí, àwọn tí kò ní owó CSL ń fọwọ́ ara wọn ṣe é. Nürburgring ní Jámánì ti ń ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú láti 1927. Ẹni tó bá sanwó lè fi mọ́tò ẹ̀ sáré yípo ọ̀nà tó gùn ju 20 kìlómítà lọ. Àwọn BMW àtijọ́, irú èyí tẹ́ ẹ mọ̀ sí tòkunbọ̀ ní Èkó, pọ̀ níbẹ̀. Síítì ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ dà sílẹ̀ mọ́tò kó má baà pariwo, wọ́n á da yìnyín gbígbẹ lé e lórí títí á fi gan, wọ́n á fi òòlù gbá a, á sì máa fọ́ bí èèpo ẹyin. Àwọn tó gbọ́n máa ń ra ríìmù tó fúyẹ́, torí kíló kan tó ń yí lẹ́sẹ̀ mọ́tò ń ni í lára ju kíló kan tó jókòó sínú ẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni bẹ́líìtì. Ọ̀pọ̀ á yọ bẹ́líìtì ilé-iṣẹ́, wọ́n á fi èyí tó ń di èjìká méjèèjì mọ́ síítì rọ́pò ẹ̀, torí ó jọ ti eré ìje. Bí mọ́tò bá takìtì tí òrùlé sì wó, bẹ́líìtì àtijọ́ á jẹ́ kí ara yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tuntun yẹn á dì yín mú lóòró bí òrùlé ṣe ń bọ̀. Torí ẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń jó ọ̀pá irin mọ́ inú mọ́tò kí wọ́n tó de bẹ́líìtì náà. Ibi tí síítì ẹ̀yìn wà tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pá yẹn máa ń gbà kọjá, ó sì sábà máa ń wúwo ju síítì tí wọ́n tú lọ.