Ọmọdé Tó Ní Àkísà Bí Àgbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni mo fi dá ọmọkùnrin kan lóhùn nígbà tó wá bá mi nílé. Gìtá títa ló fi ń jẹun. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé náà ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gbé áńpù bàbá mi tà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ kò mọ áńpù, òun ni ẹ̀rọ tí à ń so gìtá mọ́ kí ohùn rẹ̀ lè ròkè. Ti bàbá ọmọkùnrin yìí jẹ́ ti àtijọ́, oní-fáàfù, àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n yòò nínú rédíò àwọn bàbá wa. Ó wúwo ju ìdajì àpò sìmẹ́ńtì lọ. Bí wọ́n bá gbé e lọ sóde ìnáwó, tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣe ségesège, ọkàn ẹni tó ni ín kì í balẹ̀. Àpótí kékeré kan ló fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò ju Bíbélì ńlá lọ, tó lè fara wé ohùn áńpù oríṣiríṣi.

Mo ní ayédèrú nìyẹn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín pé ojúlówó yẹn kì í ṣe ayédèrú tẹ́lẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe áńpù fún gìtá, ohun kan ni wọ́n ń wá: kí ohùn mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n. Bí a bá yí fáàfù sókè kọjá agbára rẹ̀, kò ní lè gbé ohùn náà bó ṣe rí mọ́. Yóò tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn yóò sì máa ha. Lójú oníṣẹ́ ẹ̀rọ, àbùkù gbáà ni.

Ní ọdún 1951, ní Memphis ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Ike Turner lọ gba orin "Rocket 88" sílẹ̀. Áńpù Willie Kizart, onígìtá wọn, ti bàjẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Sam Phillips tó ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà ki bébà bọ inú sípíkà, wọ́n sì gba ohùn híha náà bẹ́ẹ̀. Orin náà lókìkí. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn onígìtá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àkísà ju aṣọ lọ.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ńkọ́? Leo Fender, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní California, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta, ṣe áńpù kan tó ń jẹ́ Bassman. Gìtá béèsì ló ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn onígìtá yòókù gbà á mọ́ oníbéèsì lọ́wọ́. Ní 1962, Jim Marshall, onílù tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Hanwell ní London, gbà kí Ken Bran àti Dudley Craven tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe irú Bassman náà. Èlò tí wọ́n rí rà ní Ìlú Ọba kò bá ti Amẹ́ríkà mu tán, sípíkà wọn náà yàtọ̀. Àfarawé tí kò jọra tán yìí ló di Marshall, tí gbogbo ayé ń pè ní ojúlówó lónìí. Ọmọkùnrin yẹn ti bá mi nídìí ọ̀rọ̀!

Nílé wa níbí náà, ní ìparí àwọn ọdún 1940, Àyìndé Bákàrè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ so gìtá jùjú mọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ohùn gìtá ti ròkè, gángan àti ìlù mìíràn ráyè wọlé láìbò ó mọ́lẹ̀.

Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Line 6 ní Amẹ́ríkà gbé áńpù kan jáde tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń fara wé àwọn áńpù àtijọ́. Ní 1998, wọ́n ṣe POD, tó ṣeé gbé lọ́wọ́ kan. Ní nǹkan bí ọdún 2011, Kemper ti Jámánì dé. Ìyẹn máa ń rán oríṣiríṣi ohùn gba inú áńpù gidi, á gbọ́ bí ó ṣe jáde, á sì ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́. Ẹ ò rí i pé ọmọdé ti ní àkísà bí àgbà!

A dán an wò. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, sípíkà kan náà ni wọ́n so méjèèjì mọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo gbà á. Ẹni tó ń méfò náà lè gba márùn-ún. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà ní ọwọ́ òun mọ ìyàtọ̀, pé ti bàbá òun máa ń dá òun lóhùn bí òun bá fọwọ́ líle tàbí ọwọ́ ẹ̀lẹ̀ kàn án.

Ibi tí mo wá dúró sí nìyí. Ẹni tó ń jókòó jẹun lóde ìnáwó kò ní mọ ìyàtọ̀. Kí onígìtá gbé àpótí rẹ̀, kó má bẹ́yìn jẹ́. Fáàfù pàápàá ti ń ṣọ̀wọ́n. Rọ́ṣíà, Slovakia àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí ogun Ukraine le ní 2022, àyà àwọn onígìtá já. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ aláfarawé kò lè fara wé ju àbùkù tí ẹnìkan ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní àkísà. Kò mọ bí aṣọ ṣe ń gbó. Bí a bá ta gbogbo ti àtijọ́ tán, níbo la ó ti rí àbùkù tuntun tí yóò dùn létí?

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dáa, ṣùgbọ́n owó àpótí ńkọ́?" Kò ta áńpù bàbá rẹ̀. Ó gba ohùn rẹ̀ sínú àpótí tuntun náà, òun ló sì ń gbé lọ sóde báyìí. Èmi ni mo yá a ní ìdajì owó rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì san án.