Bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tó máa kọ́ṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, láti JAMB títí dé ilé ìwòsàn ńlá

Lọ́dọọdún tí èsì JAMB bá ti jáde, irú ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wáyé nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ gba 270, wọ́n ní 200 ni yunifásítì ń béèrè, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò jáde fún ìṣègùn òyìnbó. Àwọn òbí á ní wọ́n ti ta àyè ọmọ àwọn fún ọmọ olówó. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníjìbìtì máa ń gbà wọlé sí wọn lára, tí wọ́n á ní "ẹ mú owó wá, a mọ ẹnì kan níbẹ̀."

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé iye àyè tó wà nílẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé. Máàkì tí wọ́n kéde pé ó kéré jù wulẹ̀ ń sọ ẹni tó lè tò sórí ìlà ni. Ẹni tó bá wà níwájú lórí ìlà ni wọ́n máa mú, bí àyè bá sì ti kún, wọ́n á tilẹ̀kùn. Bó ṣe rí fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún dókítà tó fẹ́ di kọnsọ́tántì.

Ta ló ń pinnu iye àyè?

Àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà àti dókítà eléyín ní Nàìjíríà, ìyẹn MDCN, ló ń pinnu iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún. Wọ́n á wo iye olùkọ́ tó wà níbẹ̀, yàrá àyẹ̀wò, àti ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa rí aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún ilé ẹ̀kọ́ náà ní iye tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ ju iye yìí lọ, orí akẹ́kọ̀ọ́ ni wàhálà náà máa já sí. MDCN lè dá ilé ẹ̀kọ́ náà dúró pé kó má gba ẹnikẹ́ni mọ́ fún ìgbà kan, ó sì lè kọ̀ láti búra fún àwọn tó lé. Ọmọ lè ka ìwé fún ọdún mẹ́fà, kó yege nínú gbogbo ìdánwò, kó wá jókòó sílé máa dúró de ìgbà tí àyè á kàn án. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá sọ pé òun lè "fi ọmọ yín kún un lẹ́yìn" kò fi ṣe yín lóore.

Ohun tí wọ́n ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà

Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO: èdè Gẹ̀ẹ́sì, Mathematics, Biology, Chemistry àti Physics. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló fẹ́ kí márààrún jáde nínú ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ìdánwò UTME tí JAMB ń ṣe, èdè Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Chemistry àti Physics ni ọmọ á mú. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ mìíràn rọ́pò ọ̀kan nínú wọn ti já ara rẹ̀ kulẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ní ti ọjọ́ orí, ọdún 16 ló wà nílẹ̀. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ní ọdún 18 ni, ṣùgbọ́n mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbapò lẹ́yìn náà, Tunji Alausa, dá a padà sí 16 kí ọdún náà tó parí.

Lọ́dún 2025, máàkì 150 nínú 400 ni JAMB àtàwọn yunifásítì fẹnu kò sí pé ó kéré jù fún yunifásítì. Kò sí ẹni tó lè fi 150 wọ ẹ̀ka ìṣègùn ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èrò pọ̀ sí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí kò bá ní 200, tí kò sì fi ibẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ tó mú, kò lè jókòó ṣe ìdánwò àbáwọlé wọn pàápàá.

Bí máàkì ṣe ń di ipò lórí ìlà

Láti ọdún 2005 ni àwọn yunifásítì ti ń ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB, èyí tí a mọ̀ sí Post-UTME. Wọ́n dá a dúró lọ́dún 2016, àmọ́ kò pẹ́ tó fi padà. Máàkì méjèèjì ni wọ́n máa ń dà pọ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà dà á pọ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo.

Ní Ìbàdàn, ìlànà tí wọ́n ti ń lò bọ̀ ni pé wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti Post-UTME, wọ́n á sì ro méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Èyí àkọ́kọ́ gba 310 nínú JAMB, ó sì gba 58 nínú Post-UTME. Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 38.75 àti 29, ìyẹn 67.75. Èkejì gba 272 péré nínú JAMB, ṣùgbọ́n ó gba 76 nínú Post-UTME. Tirẹ̀ á jẹ́ 34 àti 38, ìyẹn 72. Ẹni tí JAMB rẹ̀ kéré ló wà níwájú. Kò sí ẹni tó ta àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìṣirò ló ṣe é.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ìlànà tí wọ́n ń lò ni 50 fún JAMB, 40 fún ìdánwò tiwọn, 10 fún èsì WAEC tàbí NECO. Ní Yunifásítì Èkó, 50 ni ti JAMB, 30 ni ti ìdánwò wọn, 20 sì ni ti WAEC tàbí NECO. Èyí túmọ̀ sí pé A1 àti C6 kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn ní Ifẹ̀ àti Àkọkà, bí méjèèjì tiẹ̀ ń jẹ́ kírẹ́díìtì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ lè yí ìlànà yìí padà, nítorí náà ó yẹ kí òbí wo ti ọdún tí ọmọ fẹ́ wọlé gan-an.

Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá

Ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe gbogbo àyè ni wọ́n ń fi máàkì nìkan pín. Ìlànà ìjọba ni pé 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, láìka ibi tí wọ́n ti wá sí. 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká. 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ètò ẹ̀kọ́ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀.

Fún àpẹẹrẹ, ọmọ Òṣogbo tó fẹ́ lọ sí Ifẹ̀ wà nínú àwọn tó súnmọ́ ilé ẹ̀kọ́, nítorí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló wà níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà tàbí Ìlọrin, tó jẹ́ ọmọ Kwara, wà ní abẹ́ 20, nítorí Kwara àti Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba ṣètò yẹn fún. Ìdí nìyí tí máàkì tí ọmọ méjì fi wọlé sí kíláàsì kan náà fi lè yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ kọ sórí fọ́ọ̀mù pé òun ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tó ń gbé.

Àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ náà máa ń fi ọmọ ìpínlẹ̀ wọn ṣáájú. Ní ti àwọn ti aládàáni bíi Afe Babalola ní Adó-Èkìtì, Bowen ní Ìwó àti Babcock ní Ìlíṣàn, owó ilé ẹ̀kọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn. Àmọ́ iye tí MDCN fún wọn de àwọn náà.

Ìgbàwọlé tí kò sí lórí CAPS

Láti ọdún 2017, orí ètò CAPS tó jẹ́ ti JAMB ni gbogbo ìgbàwọlé ti ń wáyé. Ọmọ gbọ́dọ̀ gbé èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ sórí rẹ̀, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá fún un láyè, òun fúnra rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. JAMB kò ka lẹ́tà ìgbàwọlé tí kò bá gba orí CAPS sí, bó ti wù kí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ dára tó.

Wọ́n tún lè fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn, bí Anatomy tàbí Physiology, dípò ìṣègùn. Ẹ̀kọ́ tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wọ́n gboyè kì í ṣe dókítà, kò sì sí ìlérí pé wọ́n á sún un sí ìṣègùn lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà.

Ìgbà tí dókítà tún padà sórí ìlà

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, dókítà tuntun á fi oṣù 12 ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní housemanship. MDCN ló ń pín wọn sí ilé ìwòsàn báyìí. Lẹ́yìn náà ni àgùnbánirọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ, dókítà ọmọdé tàbí ti ojú, á tún gba ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní residency, tó lè tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Kó tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Primary. Ó lè ṣe é lọ́dọ̀ National Postgraduate Medical College, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979, tàbí lọ́dọ̀ West African College of Surgeons tàbí ti Physicians. Lẹ́yìn èyí, á máa wá ilé ìwòsàn tó kéde àyè, bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ilé ìwòsàn OAU ní Ifẹ̀. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tirẹ̀.

Níbí náà, àyè ló ń sọ̀rọ̀. Iye kọnsọ́tántì tó wà nínú ẹ̀ka kan ló ń pinnu iye dókítà tí wọ́n lè kọ́ níbẹ̀, owó oṣù wọn sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Bí kọnsọ́tántì bá ṣe ń já pa lọ sókè òkun, bẹ́ẹ̀ ni àyè ẹ̀kọ́ ń dín kù fún àwọn tó ṣẹ́kù. Aláìsàn tó ń dúró de dókítà iṣẹ́ abẹ fún oṣù mélòó kan ń jẹ nínú ìyà ọ̀rọ̀ yìí, bí kò tiẹ̀ mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ dókítà Yorùbá ń lọ, ètò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Match ló ń pín àyè, láti ọdún 1952. Dókítà á to àwọn ilé ìwòsàn bó ṣe fẹ́ràn wọn sí, ilé ìwòsàn náà á to àwọn dókítà, kọ̀ǹpútà á sì so wọ́n pọ̀. Oṣù kẹta ni èsì máa ń jáde. Nàìjíríà kò ní irú rẹ̀, nítorí náà dókítà kan lè fẹsẹ̀ kan ìlú mẹ́rin kó tó rí àyè kan.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí òbí tó san kọ́bọ̀, àwọn ìbéèrè yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè:

- Ṣé ilé ẹ̀kọ́ yìí wà lórí ìwé àwọn tí MDCN fọwọ́ sí, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni wọ́n sì ní kó gbà lọ́dún?
- Àpapọ̀ máàkì wo ni ẹni tó gbẹ̀yìn fi wọ ìṣègùn níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, láti ìpínlẹ̀ tí ọmọ mi ti wá?
- Báwo ni wọ́n ṣe ń da JAMB, Post-UTME àti WAEC pọ̀?
- Ṣé orúkọ ọmọ mi wà lórí CAPS, ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n sì kọ síbẹ̀?

Ẹni tó bá ń gba owó, tí kò sì lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fún un.