Ìbò Westminster 1990: Bí káńsù ṣe ta ilé ìjọba láti fi pààrọ̀ àwọn olùdìbò

Díẹ̀ ló kù kí Westminster bọ́ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative lọ́wọ́ nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tó wáyé lóṣù Karùn-ún ọdún 1986. Nínú ipò káńsẹ́lọ̀ 60, Conservative mú 32, Labour mú 27, ẹnìkan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan sì mú ẹyọ kan tó kù.

Westminster kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ lásán. Àárín gbùngbùn London ni, níbi tí ààfin Buckingham, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ilé olóòtú ìjọba wà. Láti ìgbà ìdìbò àkọ́kọ́ lọ́dún 1964 ni Conservative ti ń ṣàkóso ibẹ̀. Kí irú ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Labour lásìkò Margaret Thatcher, ìtìjú ńlá ni ìbá jẹ́.

Olórí káńsù nígbà náà ni Shirley Porter, ọmọ Jack Cohen tó dá Tesco sílẹ̀. Obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ ni. Abẹ́ rẹ̀ náà ni káńsù ti ta ibi ìsìnkú mẹ́ta ní 15p lọ́dún 1987. Kì í ṣe àṣìkọ o.

Lẹ́yìn ìbò 1986, òun àti àwọn tó sún mọ́ ọn yan wọ́ọ̀dù mẹ́jọ tí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dá lójú. "Dìbò kí o sebẹ̀" kọ́ ni wọ́n gùn lé. Wọn ò pín ìrẹsì, wọn ò sì há owó. Àwọn tó ń gbé àdúgbò náà gan-an ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà rèé. Bí ayálégbé bá kó kúrò nílé ìjọba, ẹni tó kàn lórí ìlà, tó sábà máa ń jẹ́ òtòṣì tàbí ẹni tí kò nílé lórí, ló yẹ kó wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa, wọ́n á fi irin dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, títí ẹni tó lówó yóò fi wá rà á. Èrò wọn ni pé ẹni tó bá ní ilé tara rẹ̀, Conservative ni yóò dìbò fún.

Agbẹjọ́rò kìlọ̀ fún wọn pé kò bófin mu láti ta ilé ní wọ́ọ̀dù mẹ́jọ náà nìkan. Ni wọ́n bá fẹ ètò náà kan gbogbo ìlú, wọ́n sì fún un lórúkọ tó dùn ún gbọ́: kíkọ́ àdúgbò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, iye ilé tí wọ́n fẹ́ tà lọ́dọọdún ní wọ́ọ̀dù mẹ́jọ náà kò yẹ̀: 250.

Àwọn tí kò nílé ńkọ́? Káńsù kó ọ̀pọ̀ wọn kúrò ní Westminster. Lọ́dún 1989, ó fi àwọn ìdílé kan sínú ilé gogoro méjì ní Paddington, Hermes Point àti Chantry Point, tí asbestos, èròjà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú wọn.

Nígbà tí ìbò dé lóṣù Karùn-ún 1990, Conservative mú ipò 45, Labour mú 15. Ká sọ tòótọ́, ilé títà nìkan kọ́ ló fà á. Owó orí tuntun tí Thatcher gbé dé, tó ń bí àwọn ará ìlú nínú káàkiri, £195 péré ni ní Westminster, ọ̀kan lára àwọn tó kéré jù ní England. Lọ́dún 1991, wọ́n fi oyè Dame dá Porter lọ́lá.

Ṣùgbọ́n láti 1989 ni àwọn ará Westminster kan ti fẹjọ́ sun John Magill, tó ń ṣàyẹ̀wò ìṣirò owó káńsù. Lọ́dún 1996, ó jábọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu, ó sì ní kí Porter àti àwọn márùn-ún mìíràn fi owó ara wọn san £31.6m tí ìlú pàdánù.

Ẹjọ́ náà lọ, ó bọ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Porter láre lọ́dún 1999, àmọ́ lóṣù Kejìlá 2001, ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nígbà náà, dá òun àti igbákejì rẹ̀, David Weeks, lẹ́bi. Adájọ́ Scott ní kò sẹ́ni tó gba rìbá nínú wọn, síbẹ̀ ìwà ìbàjẹ́ ni, irú èyí tó tún ṣòro láti rí mú.

Èlé sọ gbèsè náà di ohun tó ju £40m lọ. Porter ní gbogbo ohun ìní òun kò ju £300,000. Lọ́dún 2004, ó san £12.3m, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn ilé tí wọ́n sì tà ti di ti ẹlòmíràn.

Conservative ṣì ń ṣàkóso Westminster títí di oṣù Karùn-ún 2022, nígbà tí Labour mú 31 nínú ipò 54.