Ọjọ́bọ̀ kan ní Kourou

Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú díẹ̀, 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2009. Aago Nàìjíríà nìyẹn. Ní Kourou, ní French Guiana létí òkun Amẹ́ríkà ti Gúúsù, aago mọ́kànlá alẹ́ Ọjọ́rú kò tíì lù. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 kan wà níbẹ̀ lóòró, ó ga ju mítà 50 lọ. Ẹrù méjì ló gbé sórí, ọ̀kan lé èkejì. Ti òkè ló tóbi jù. Ti ìsàlẹ̀ kò wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì.

Inú òkùnkùn ni ti ìsàlẹ̀ yìí wà. Jígí rẹ̀ kò kọjá mítà méjì. Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Láti 1996 ni wọ́n ti fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀. Epo ń wọ táǹkì. Haidrójìn ni, wọ́n ti mú un tutù títí ó fi dà bí omi: ìwọ̀n Celsius 253 nísàlẹ̀ òdo. Ọ́síjìn olómi ń wọ táǹkì kejì. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí mọ́.

Wákàtí tó kù gùn. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ìdarí ló mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ní 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, Ariane 5 àkọ́kọ́ gbéra ní Kourou yìí kan náà, pẹ̀lú sátẹ́láìtì mẹ́rin. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá 37 lọ tó fi yà kúrò lọ́nà, tó sì fọ́ yángá. Nọ́ńbà kan ló pọ̀ ju àyè tí wọ́n fún un nínú kọ̀ǹpútà lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, irú rọ́kẹ́ẹ̀tì tòní gan-an fò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, òun náà sì ṣòfò.

Aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Iná sọ nídìí ẹ́ńjìnnì àárín. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kò tíì mira. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje, kọ̀ǹpútà ń yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò, ó ṣì lè pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbaná. Àwọn yẹn kò ṣeé pa. Ó gbéra.

Ìṣẹ́jú àáyá 35. 36. 37. Ó ṣì ń lọ.

Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, àwọn ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbẹ́ já bọ́. Nígbà tó yá, ìbòrí orí rẹ̀ pín sí méjì, òun náà já bọ́. Ẹ́ńjìnnì àárín jó tán, ti òkè gba iṣẹ́. Ó ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ó ń gba òkè ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí ìlà oòrùn.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì. Ẹrù òkè bọ́ lọ. Ó ku ọ̀kan.

Aago méjì ogójì. Ẹrù kejì bọ́ sí òfúrufú. Kò sí ohun tó so ó mọ́ ayé mọ́ àyàfi rédíò rẹ̀, rédíò náà kò sì tíì dún létí ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Márùn-ún. Mẹ́jọ.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta. Àwọn àwo ńlá ní Australia gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì dáhùn.

Planck ni orúkọ sátẹ́láìtì ìsàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó pẹ́ jù lọ láyé ni wọ́n rán an lọ wò. Tí àbá ìbúgbàù ńlá bá jẹ́ òótọ́, ohun gbogbo ti fún pọ̀ sójú kan rí, ó sì gbóná janjan. Nígbà tó fẹ̀, tó sì tutù dé àyè kan, ní nǹkan bí ọdún 380,000 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ráyè jáde. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Penzias àti Wilson, kọ́kọ́ gbọ́ ìmọ́lẹ̀ náà bí ariwo rédíò ní New Jersey ní 1964, láìmọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ariwo yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ parí àbá Fred Hoyle àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé àgbáálá ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti tutù gan-an báyìí. Ìgbóná ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n lè bò ó mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ Planck tutù títí ó fi ku ìdámẹ́wàá ìwọ̀n kan péré kí ó kan òpin òtútù.

Ní 21 oṣù Kẹta ọdún 2013, wọ́n gbé àwòrán ìmọ́lẹ̀ náà tí Planck yà jáde. Ọjọ́ orí àgbáálá ayé: bílíọ̀nù 13.8 ọdún. Ohun tí a fi ṣe ìràwọ̀, ilẹ̀ àti ènìyàn kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó wà. Tóótòòtóó ara ìmọ́lẹ̀ náà bá ìṣirò àbá mìíràn mu, èyí tí Alan Guth gbé kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980: pé níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ohun gbogbo fẹ̀ lójijì kọjá àfẹnusọ. Ìdáhùn ńlá nìyẹn, ó sì tọ́ kí a yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn kan gbà ṣàlàyé ìfẹ̀ òjijì yẹn kùnà nínú ìdánwò Planck, àmì kan tó yẹ kí ó fi sílẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ náà kò sì tíì hàn sí ẹ̀rọ kankan.