Kókó Olómi Inú Gògóńgò: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí ohùn ènìyàn bá há, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ọ̀fìnkìn, eruku ọyẹ́ tàbí ariwo tí a pa lánàá. Lóòótọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó há tí kò sì là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá ohun tí a ń fi orógbó nìkan tọ́jú. Ọ̀kan nínú ohun tí ó lè fà á ni kókó olómi tí ó hù sínú gògóńgò. Kókó yìí kì í ṣe àrùn jẹjẹrẹ, kì í sì í ràn. Síbẹ̀, ó lè ba ohùn jẹ́ mọ́ ẹni tí ó ń fi ohùn ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: olùkọ́, oníwàásù, ládánì, akọrin àti ìyá tí ń kiri ọjà. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, ó lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀.

Kí ni kókó yìí, kí ló sì ń fà á?

Inú gògóńgò ni tán-án-ná méjì wà, wọ́n kọjú sí ara wọn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, èémí láti inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń mú wọn gbọ̀n. Ti ọkùnrin máa ń gbọ̀n ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin sì máa ń tó nǹkan bí ìgbà 200. Ìdí nìyí tí kókó tí kò ju hóró ìrẹsì lọ fi lè yí ohùn padà pátápátá.

Oríṣi mẹ́ta ni a máa ń rí jù. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó ń wáyé nígbà tí ẹnu ihò kékeré tí omi yíyọ̀ ń gbà jáde nínú ọ̀fun bá dí, tí omi náà sì kó jọ sínú àpò. Ó lè wà lára tán-án-ná, ó sì lè wà lára ìdérí tí ó ń bo gògóńgò nígbà tí a bá ń gbé oúnjẹ mì. Èkejì ni èyí tí awọ ara há sí abẹ́ tán-án-ná, yálà láti inú oyún tàbí nítorí ọgbẹ́ tí ìlòkulò ohùn dá síbẹ̀. Ohun funfun tó ki ni ó máa ń wà nínú tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ń hù láti inú àpò kékeré tí ó wà lókè tán-án-ná.

Ní ọdún 1970, DeSanto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ṣe àgbéyẹ̀wò aláìsàn 238 tí wọ́n ní kókó báyìí. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ ti ihò omi tí ó dí.

Àwọn àmì rẹ̀

Ohùn á há, kò ní là dáadáa mọ́. Ó lè máa tètè rẹni bí a bá sọ̀rọ̀ pẹ́, ohùn òkè lè má jáde mọ́, tàbí kí ó dà bí ẹni pé ohùn méjì ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan máa ń rò pé nǹkan há sí wọn lọ́fun, wọ́n á sì máa họ ọ̀fun ṣáá. Ti ara ìdérí gògóńgò lè wà fún ọdún púpọ̀ láì fi àmì kankan hàn.

Bí dókítà ṣe ń mọ̀ ọ́n

Ní ọdún 1854, olùkọ́ orin kan tí ń jẹ́ Manuel García fi dígí kékeré àwọn oníṣègùn eyín wo tán-án-ná ara rẹ̀. Ọ̀nà dígí yìí kò tíì parẹ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní kámẹ́rà lórí ni dókítà etí, imú àti ọ̀fun sábà máa ń gba imú tì wọ inú ọ̀fun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gbà, a kò sì ní sùn.

Kókó líle tí ariwo pípa ń fà sábà máa ń wà lára tán-án-ná méjèèjì, ní ọ̀gángán kan náà. Kókó olómi sábà máa ń wà ní apá kan ṣoṣo. Bí ó bá ṣòro láti mọ ìyàtọ̀, a máa ń lo iná tí ń ṣẹ́jú, èyí tí ó ń jẹ́ kí ìgbọ̀n tán-án-ná hàn bí ẹni ń rìn jẹ́jẹ́. Ibi tí kókó olómi bá wà kì í gbọ̀n dáadáa. Èyí tí ó bá tóbi lè béèrè fún àwòrán CT scan. Síbẹ̀, nígbà mìíràn, orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ ni a ti ń tó mọ̀ dájú.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ìsinmi ohùn, omi mímu àti ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ olùtọ́jú ohùn máa ń ran ohùn lọ́wọ́, wọn kì í sábà lé kókó olómi lọ. Èyí tí kò bá yọni lẹ́nu ni a lè máa ṣọ́. Èyí tí ó bá ń ba ohùn jẹ́, iṣẹ́ abẹ ni ó kàn. Oògùn oorun ni a ó fún aláìsàn. Ẹnu ni dókítà yóò gbà wọlé, kò ní gé ọrùn. Yóò fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, yóò ṣí awọ tín-ínrín tí ó bo kókó náà, yóò sì yọ àpò rẹ̀ lódidi. Bí a bá fa omi rẹ̀ nìkan, tí àpò ṣẹ́kù, ó lè tún kún. Fún ti ìdérí gògóńgò, a lè fi iná lésà ṣí i tàbí yọ ọ́. Ohun tí a bá yọ gbọ́dọ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí ó lè dájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Kí a sọ fún dókítà bí eyín kan bá ń mì, nítorí irin ni yóò gba ẹnu wọlé. Iṣẹ́ abẹ yìí lè fi àpá sílẹ̀ lára tán-án-ná, ohùn sì lè má padà bí ti tẹ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Lẹ́yìn náà, a óò dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan, bí dókítà bá ṣe sọ. Kí a má sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ dípò rẹ̀, nítorí ó lè ni ọ̀fun lára. Ìmáàmù lè jẹ́ kí náíbì dúró fún òun, ládánì náà lè gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn títí ara yóò fi yá. Bí a bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kí a lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí a yàgò fún sìgá. Nígbà ààwẹ̀, kí a mu omi dáadáa láti ìgbà ìṣínu títí di sààrì.

Ohun tí kò yẹ kí a ṣe

Orógbó, oyin àti atalẹ̀ lè tu ọ̀fun lára, wọn kò lè yọ àpò. Gígé bẹ́lúbẹ́lú kò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá: òkè ọ̀fun ni bẹ́lúbẹ́lú wà, gògóńgò wà nísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ya lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ọgbẹ́ lè dọ̀tí, ohùn á sì há síbẹ̀.

Ìgbà tí a kò gbọdọ̀ dúró

Bí èémí bá ń dún tàbí tí kò já gaara, bí oúnjẹ kò bá gbé mì, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá itọ́ jáde, bí kókó bá yọ lọ́rùn tàbí bí ara bá ń rù, ilé ìwòsàn ló yá lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ọwọ́ tí èémí rẹ̀ ń han, tí igbe rẹ̀ kò jáde, tàbí tí ọmú ń há sí i lọ́fun. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí wọ́n ti ki rọ́bà èémí bọ̀ lọ́fun rí, náà lè ní irú kókó yìí nísàlẹ̀ tán-án-ná.

Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní UCH Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àrábà, UITH Ìlọrin àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ há fún oṣù kan kò gbọdọ̀ fi ṣe mo-mọ̀-ọ́n-tán, nítorí bákan náà ni jẹjẹrẹ gògóńgò ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí a bá tètè rí ni ó sì rọrùn láti wò. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà.